Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Dá a Rù

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, sọ níwájú àwọn olóyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Pobè àti Sakété. A tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ìkíni gígùn nìkan la gé kúrú.

Alága wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọkàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà lọ́kàn rẹ̀, àti àìróorunsùn, àti àwọn ìyá tó ń sunkún lẹ́yìn ìbímọ. Mo ti sọ gbogbo ìyẹn níbí rí. Lónìí, ẹ fún mi láyè kí n sọ èyí tí a kì í sọ. Bí inú bá máa bí ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó dìde.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sílé mi lórí zémíjàn. N ò ní í sọ abúlé tó ti wá, n ò sì ní í sọ ọdún tó jẹ́, ẹ má sì wá a. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, Ọlọ́run ló ní kò tíì yá. A sáré gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá a dúró. Nígbà tó lè lanu, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ìyá, ṣé ẹ máa sọ fún bàbá mi?” Kò bi mí bóyá òun máa yè. Mo ní n ò ní í sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta ló tó sọ ẹnu rẹ̀ fún mi: ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí láti kékeré, ẹnì kan ti rí ọ̀rọ̀ nínú fóònù rẹ̀, ẹni náà sì ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí bàbá ń fún un ló ń bá a lọ. Nígbà tí owó tán, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà sígboro.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí n tó tẹ̀ síwájú. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ènìyàn rere. Ó ti lé lógún ọdún tí ọmọbìnrin kan wá bá mi níbi iṣẹ́, ó ní òun ò lè fẹ́ ọkùnrin, pé obìnrin bíi tòun lòun fẹ́ràn, pé oorun ti dá lójú òun. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo ní kó lọ gbàdúrà, kó sì tètè lọ sílé ọkọ, pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún á tán nígbà tó bá gbọ́mọ pọ̀n. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi? Ó dúpẹ́! Kò padà wá mọ́, n kò sì mọ ohun tó dà títí dòní. Ojú ọmọ yẹn ni mo rí lójú ọmọkùnrin tí wọ́n gbé wá lóru.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè wọ́n nígboro, n ò ní í lò ó níwájú Kábíyèsí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn tí mo ń sọ ni ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ síhà méjèèjì, àti ẹni tí a bí tí a pè ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tó mọ ara rẹ̀ lóbìnrin, tàbí ìdàkejì rẹ̀. Àwọn kan á ní òyìnbó ló kó o wá. Ó dáa. Ọmọkùnrin tí mo ń wí yìí, kò dé Cotonou rí. Oko ọ̀pẹ ló ti ń bọ̀.

Àwọn àgbà tó wà níbí mọ ilé tí wọ́n ti ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde. UNESCO pàápàá kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ta ló ń wọ ìró àti gèlè, tó ń de ọmú tí wọ́n fi igi gbẹ́ mọ́yà, tó ń jó bí ìyá arúgbó? Ọkùnrin ni. Ta ló ń dirun bí obìnrin nílé Ṣàngó? Ẹlẹ́gùn ni, ọkùnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ má gbé e lé mi lórí o, n ò sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí. Àwọn ìyá wa la fi ń júbà, a kì í fi ṣeré. Ohun tí mo ń sọ kò jù báyìí lọ: àwọn bàbá wa kì í sá bí wọ́n bá rí ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin. Ibo ni a ti kọ́ ìbẹ̀rù tí a ń bẹ̀rù báyìí? Ẹ jẹ́ ká ronú sí i nílé.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo máa ń gbọ́ ni pé àìsàn ni, pé ká wá oògùn sí i. Iṣẹ́ àìsàn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ ọ̀rọ̀ kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin máa fẹ́ obìnrin kúrò nínú ìwé àìsàn ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1990. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ rántí ọdún yẹn. Oṣù kejì ọdún náà ni a ṣe Àpérò Orílẹ̀-èdè ní Cotonou, ọjọ́ 11 oṣù kejìlá rẹ̀ ni a gba Òfin Ìpìlẹ̀ tá a ń lò títí di báyìí. Ohun tí ń ṣàìsàn lára àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ìbẹ̀rù ni, àti àdáwà. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ohùn rẹ̀, tó ń ṣọ́ ìrìn rẹ̀, tó ń ṣọ́ fóònù rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, oorun á dá lójú rẹ̀, oúnjẹ ò ní í wọlé fún un, ọtí á sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ fi mí síbẹ̀, bó ṣe máa rí lára èmi náà nìyẹn.

Mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lórí òwe kan. Ẹ má bínú, ọmọ Yorùbá ni mí, mo lè bá òwe jà. Àwa la máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Jagunjagun ló ni òwe yẹn, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á wọ ìlú. Ẹni tó jí owó ìlú kó lè sọ ọ́ fún ara rẹ̀ náà, bó bá fẹ́. Ọmọ tí mo ń wí yìí kò jalè, kò na ẹnikẹ́ni, kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, òwe yìí gan-an ló pa fún mi. Ó ní ẹnu bàbá òun lòun ti gbọ́ ọ. Bàbá náà kò mọ ẹni tó ń pa á fún. A ń sọ̀rọ̀ nílé, a rò pé ọmọ òde là ń bú, ọmọ inú ilé ló ń gbà á.

Wàyí o, òfin. Torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń gbà owó ìtanràn lórí ọ̀rọ̀ yìí. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tiwa, kò sí òfin tó ní kí wọ́n ju àgbàlagbà méjì sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Ní Nàìjíríà, ó wà. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2014: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá bá ẹni bíi tirẹ̀ ṣègbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ràn án lọ́wọ́. Tógò náà ní òfin ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Mali fi kún tirẹ̀ lọ́dún 2024, Burkina Faso lọ́dún 2025, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń pín fídíò rẹ̀ lórí WhatsApp bí ẹni pé a ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ìgolò kò jìnnà sí Sakété. Ẹbí kan náà ló wà níhà méjèèjì ààlà, nítorí náà ni àwọn èèyàn wa fi rò pé òfin kan náà ló wà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpàdé tí mo ń bọ̀ wá sọ fún yín, bí mo bá ṣe é ní òdìkejì Ìgolò, ọdún mẹ́wàá ni. Níhìn-ín, ẹni tó bá wá fọ́ ilé mi nítorí rẹ̀ ni òfin máa mú.

Abala 15 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ wa sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀, sí òmìnira rẹ̀, sí ààbò rẹ̀, àti pé kí ara rẹ̀ pé láìní àbùkù. Kò ní “àfi.” Abala 7 mú ìwé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti Áfíríkà wọ inú òfin wa. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwé náà, Áfíríkà ni wọ́n, kì í ṣe òyìnbó, jókòó ní Luanda ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, wọ́n sì gbé ìpinnu 275 jáde pé kí àwọn ìjọba dáàbò bo àwọn èèyàn wọ̀nyí kúrò lọ́wọ́ ìwà ipá. Ọ̀rọ̀ fífi ipá gbé ọmọbìnrin fún ọkọ “kó lè yí padà” náà, Òfin Ìdílé wa ti ọdún 2004 ní àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra wọn. Kí n kúrò níbẹ̀, agbẹjọ́rò kọ́ ni mí.

Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń tọ́jú ọkàn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ máa ń rò pé ọ̀dọ̀ dókítà nìkan ni, ní Jacquot ní Cotonou. Mélòó nínú yín ló lè san owó mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀? Ó yẹ ká mọ̀ pé àwa gan-an ni ayé kọ́ ọ̀nà mìíràn lára wa. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, padà dé láti Òyìnbó láti wá ṣe olórí ilé ìwòsàn Aró. Wọn ò tíì kọ́ ilé náà tán. Ó lọ bá àwọn bàálẹ̀ abúlé tó yí Aró ká, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Wọ́n gbà wọ́n. Ẹni kan láti inú ẹbí á tẹ̀ lé aláìsàn, wọ́n á yá yàrá lábúlé, á lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, á padà sábúlé lọ́sàn-án, á bá wọn ṣiṣẹ́, á bá wọn ṣeré. Lambo tilẹ̀ pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn wá bá a ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wò ó. Ọkùnrin yìí padà di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn: bàálẹ̀ ni. Bí àwọn bàálẹ̀ ìgbà yẹn bá ní rárá, a ò ní í gbọ́ orúkọ Aró.

Nítòsí wa níhìn-ín, ẹ mọ ilé Saint Camille tó wà ní Avrankou. Grégoire Ahongbonon ló dá a sílẹ̀, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni. Kì í ṣe dókítà, táyà ló ń tún ṣe ní Bouaké ní Côte d’Ivoire. Ó ní takisí, ó là, gbogbo rẹ̀ sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé òun náà ronú láti kú. Nígbà tó gbé ara rẹ̀ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́ igi. Mo sọ ọ́ nítorí ohun kan ṣoṣo: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé rẹ̀ ló jẹ́ aláìsàn níbẹ̀ rí. Ẹni tó ti rin ọ̀nà náà ló ń mú ẹlòmíràn lọ́wọ́. N ò fi àwọn ọmọ tí mo ń sọ wé wèrè o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọgbọ́n kan náà ni mo ń tọ́ka sí.

Ẹ̀kẹta jìnnà díẹ̀. Ní Zimbabwe, dókítà ọkàn kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda ní aláìsàn kan tí kò rí owó mọ́tò láti padà wá rí i. Ọmọbìnrin náà kú, òun ló pa ara rẹ̀. Owó mọ́tò! Ọdún 2006 ni dókítà yìí kó ìyá àgbà mẹ́rìnlá jọ ní àdúgbò Mbare ní Harare, ó gbé bẹ́ǹṣì síta ilé ìwòsàn, ó sì kọ́ wọn láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni. Wọn kì í pe àìsàn náà ní orúkọ òyìnbó. Wọ́n ń pè é ní kufungisisa, ìyẹn ni ìrònú àpọ̀jù. Àbí kì í ṣe ohun tí àwa náà ń sọ nìyẹn? “Ó ń ronú jù.” Wọ́n wọ̀n ọ́n bí dókítà ṣe ń wọn nǹkan, pẹ̀lú ènìyàn tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, wọ́n máa ń mú ẹni náà lọ sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ti jókòó níbẹ̀ rí. Wọ́n jọ ń hun báàgì, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé mi nìyẹn. Èkùrọ́ la fi rọ́pò báàgì.

Mẹ́ta ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti di méje. Wọ́n á wá lọ́jọ́ tí kò sí ọjà, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa pa èkùrọ́. Àlejò tó bá yọjú, èkùrọ́ ló máa rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, ojú kò ní í wo ojú, ẹnu á sì rọrùn láti là. Àwọn àgbà tó máa ń ṣe àárò lóko mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ìjókòó kejì, ọmọkùnrin tí wọ́n gbé wá lóru sọ pé òun rò pé òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Plateau. Obìnrin kan tó ti ju ọmọ ogójì ọdún lọ, tó ti bímọ mẹ́rin, dá a lóhùn pé, “Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.” Wọ́n dákẹ́. Ẹ ò gbọ́ ohunkóhun mọ́ bí kò ṣe òkúta tó ń ba èkùrọ́. N kò ní oògùn tó lè ṣe ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe lára ọmọ náà.

Ẹ lè ní ẹgbẹ́ wọn ti wà ní Cotonou, kí ló dé tí wọn ò lọ síbẹ̀. Faransé ni wọ́n máa ń sọ jù níbẹ̀. Ọmọ tó ń sọ Nàgó tàbí Ọ̀họ̀rí láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé Faransé ló máa fi sunkún? Lẹ́yìn ìyẹn, ní ìlú ńlá, ènìyàn lè wọ ilé kan kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, oní-zémíjàn tó gbé ọ lọ mọ bàbá rẹ, ó mọ ìyá rẹ, ó mọ gbèsè tí ẹ jẹ. Lórí fóònù náà, ewu wà. Àwọn kan ń díbọ́n bí olólùfẹ́, wọ́n á ní kí o wá pàdé àwọn, ìgbátí àti olè ló máa pàdé ẹ níbẹ̀. Ní Nàìjíríà wọ́n ń pè é ní kítò. Ó ti wọ ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, a ní ìlànà díẹ̀ tí a fi ń ṣọ́ra: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá lọ pàdé àjèjì, kò sí fọ́tò, ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀ kì í jáde, a kì í wàásù fún ara wa, a kì í sì fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni lọ sọ fún ẹbí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti lé kúrò nílé ló mọ ìdí tí èyí tó kẹ́yìn fi wà.

Mo kọ́ wọn ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀, torí kò kan àwọn nìkan, ó kan ọmọ gbogbo yín. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan ìní rẹ̀ tọrẹ láìnídìí, tó ń dágbére, tó ní òun ti di ẹrù fún yín, tí kò jẹun, tí kò sùn, ẹ má ní “á kúrò lára rẹ̀.” Ẹ bi í tààrà, ní ohùn jẹ́jẹ́: “Ṣé ò ń ronú láti pa ara rẹ?” Àwọn àgbà máa ń bẹ̀rù pé bíbéèrè ló máa fi í sí i lọ́kàn. Kì í fi í sí i lọ́kàn. Ó máa ń mú kí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ pé ẹnì kan rí òun. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ẹgbẹ́ wa kì í rọ́pò dókítà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti dá owó mọ́tò láti gbé ẹnì kan lọ gba ìtọ́jú, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ sì ba tì í títí tí wọ́n fi padà.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n ju òkúta sínú ọgbà mi. Ọ̀kan ba ọmọ kan lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, olóyè kan ránṣẹ́ pè mí, ó ní wọ́n kọ lẹ́tà pé mò ń ba àwọn ọmọ ìlú jẹ́. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi, ó ṣe dáadáa, kò pariwo mọ́ mi. Ó wá ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò fi jẹ́ kí wọ́n máa gbé e mọ́ra?” Bàbá, wọ́n ti gbé e mọ́ra. Èmi ni mo gbé ẹni tó gbé e mọ́ra dé ilé ìwòsàn.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ nífẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ò nífẹ̀ẹ́ sí. Ìmáàmù wà níbí, pásítọ̀ wà níbí, àwọn abọ̀rìṣà wà níbí, ohun tí kálukú bá sì gbà gbọ́, tirẹ̀ ni. Kódà ẹni tó bá ka àwọn ọmọ yìí sí ọmọ burúkú, Yorùbá ní a kì í torí pé ọmọ burú ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ohun tí mo ń tọrọ kéré. Ẹ fún wa ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, èyí tí a ń kó àga sí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín ọjà méjì. Bí a bá wà lábẹ́ òrùlé ẹgbẹ́, ẹni tó fẹ́ sọ òkúta á mọ̀ pé ilé Kábíyèsí àti ilé ẹgbẹ́ lòun ń sọ ọ́ sí. Ẹ tún jẹ́ kí ẹ̀yin olóyè fi ẹnu ara yín kéde lọ́jà pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ na ẹnikẹ́ni, tàbí lé e nílùú, tàbí gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtanràn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbà á pẹ̀lú èrò rere, kí ọ̀rọ̀ lè tán níbẹ̀. Kò tán níbẹ̀. Ó ti di òwò. Àwọn ọmọ kan ń wá fóònù ẹlòmíràn kiri nítorí wọ́n mọ̀ pé owó wà níbẹ̀.

Àkọ̀wé bi mí kí n tó dìde bóyá mi ò bẹ̀rù fún orúkọ mi. Ẹni tó ti gbẹ̀bí fún ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, orúkọ wo ló kù tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá yín, tí mo fọ̀ mọ́, n ò wo ọ̀nà tí ọkàn yín máa fà sí nígbà náà. Mo kàn wò ó bóyá ẹ ń mí.

Ọmọkùnrin yẹn ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ báyìí, bàbá rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láàárọ̀. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ náà, kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bàbá náà wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé àpò èkùrọ́ kan kalẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé a ń lò ó. Kò wọlé. Kò béèrè ẹni tó ń pa á.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọjà tó ń bọ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo ń retí èsì yín kó tó dìgbà náà, Kábíyèsí.